Mo Pe Màlúù Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Àgàn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi nínú yàrá, síbẹ̀ kò fúyẹ́ láyà mi. Bóyá tí mo bá sọ ọ́ létí yín, ẹnìkan á kà á, á sì tètè fa ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Akọ màlúù ni mo ń rà tí mo ń tà. Kì í ṣe èyí tí alápatà ń wá o. Èyí tí wọ́n ń kó sáàárín abo kí agbo lè pọ̀ sí i ni.

Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó máa ń sọ pé akọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ dà bí ẹni tó fẹ́ sáré: tó bá rù, kò ní lókun, tó bá sanra jù, kò ní lè gbéra. "Fọwọ́ tẹ ìhà rẹ̀ díẹ̀. Kí ọwọ́ bá egungun, kí ojú má rí i. Ibẹ̀ ló ti dáa."

Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn oníbàárà sọ mí ní Ọwọ́-Kì-í-Purọ́. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Òun náà ló kó bá mi.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, akọ méjì ló kù lọ́gbà mi. Ọ̀kan ni Sójà, pupa rúsúrúsú. Ara rẹ̀ le, ìrìn rẹ̀ já gaara, kò sí ọ̀rá kankan tó ń mì lára rẹ̀. Ìkejì ni Alága.

Há, Alága! Ó dúdú, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀rá kún ìdí ìrù rẹ̀ bí ìrọ̀rí, àyà rẹ̀ a sì máa mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ tó bá ń rìn. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ẹran díje ẹwà ni mo ti rà á. Àgbàdo lílọ̀ ló fi bọ́ ọ títí tó fi gba ipò kìíní.

Mo mọ̀ pé ó sanra jù. Èrò mi ni pé kó máa jẹ koríko, kó máa rìn, kó fọn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí n tó tà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ọgbà ló ń lanu. "Ìyá, ẹran rèé o!" Ìyìn yẹn ń pa mí bí ọtí. Dípò kí n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ṣe ni mò ń bù kún un.

Lọ́jọ́ kan, máníjà oko ńlá kan wá ra akọ méjì. Òun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ wá. Ó fọwọ́ tẹ Sójà níhà, ó wo pátákò rẹ̀, ó ní èyí dára. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alága, ìka rẹ̀ rì sínú ọ̀rá, kò bá egungun kankan.

"Màdáàmù, alága ìpàdé ni èyí," ó wí. "Kì í ṣe òṣìṣẹ́. Tí a bá ní kó dìde, á ní ká gbé àga wá."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fipá rẹ́rìn-ín. Èmi Ọwọ́-Kì-í-Purọ́! Ó ní Sójà nìkan lòun máa mú, tí dókítà ẹran bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà náà wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kò ní gíláàsì lẹ́yìn, páálí ló fi dí i. Ó yẹ Sójà wò, ó gba àtọ̀ rẹ̀, ó ní kò sí ìyọnu. Bó ṣe ń lọ ló dúró ti Alága, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wo ibí. Ọ̀rá ti yí ọrùn ẹpọ̀n rẹ̀ ká. Ooru ni yóò máa pa àtọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yẹ òun náà wò."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," mo yára dáhùn.

"Ẹ má tà á báyìí o. Ẹ jẹ́ kó fọn ná."

"Mo ti gbọ́, Dókítà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe pé mi ò gbà á gbọ́. Mi ò fẹ́ mọ̀ ni. Ohun tí èèyàn ò bá tíì mọ̀ dájú, ó ń rò pé òun lè bura lé e lórí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ń sùn títí mo fi mọ ọ̀nà ilé ìwé. Nígbà tó yá, ó lọ sílé ọkọ. Ọdún mẹ́sàn-án, kò bímọ. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, ó padà sílé bàbá wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ló rán, ọdún ń gorí ọdún, títí tó fi ra abo màlúù kan. Ó ra ìkejì. Nígbà tí mò ń wí yìí, wọ́n ti di mọ́kànlá.

"Kékeré," ó wí, bó ṣe máa ń pè mí, "akọ ilé mi ti kú. Àwọn ọmọbìnrin mi mọ́kọ̀ọ̀kànlá ń wojú mi. Fún wa lọ́kọ."

Kò tíì jókòó tó fi rí Sójà. "Èyí wù mí. Ó jọ ẹni tó máa ń tètè jí."

Máníjà ń bọ̀ wá mú Sójà lọ́jọ́ kẹta. Tí mo bá sọ pé wọ́n ti rà á, yóò bi mí pé kí ló dé tí wọn ò mú Alága. Ẹ̀rín àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́ yẹn tún ń dún létí mi. Mo fẹ́ kí Alága kúrò lójú mi kí ọ̀rọ̀ tó tàn kálẹ̀ pé ọwọ́ mi ti tàsé.

"Àǹtí mi, ẹ má wo ìyẹn," mo ní. "Ara rẹ̀ ò yá. Ẹ ò rí i bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Ó rù ni?"

"Ó rù."

Mo fà á lọ́wọ́ lọ síwájú Alága. Ó wò ó tìtì.

"Ó lẹ́wà. Àmọ́ kò sanra jù báyìí? Bàbá máa ń sọ pé..."

"Ayé ìgbà Bàbá ti lọ. Okun ni gbogbo èyí."

"Dókítà ti rí i?"

"Dókítà wá síbí níjẹta."

Òótọ́ ni. Ó wá. Ẹ ò rí i bí òótọ́ ṣe lè burú ju irọ́ lọ?

Mo ní kó fọwọ́ kàn án. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀: mo mọ̀ pé kò ní kàn án. Ó gbọn ọwọ́ nù.

"Kí ni mo fẹ́ máa tẹ̀ wò? Ìwọ lojú mi, ìwọ lọwọ́ mi."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù gbé Alága lọ sí ọgbà ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó fẹ́ yẹ ọjà mi wò ni mo fún ní èyí tó dáa. Ẹni tó gbà mí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò ni mo rẹ́ jẹ.

Oṣù kìíní kò tíì pé tó fi pè mí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kékeré, ọkọ tó o fún wa yìí, ṣé kì í ṣe oorun ló ń bá a jà? Ó gun ọ̀kan láàárọ̀, ló bá sọ̀ kalẹ̀, ló ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó gun òkè."

"Ibẹ̀ ṣàjèjì sí i ni. Ara rẹ̀ á balẹ̀."

Oṣù kejì, ẹ̀rín náà ti dínkù. "Àwọn tó gùn ṣì tún ń wá akọ. Oyún ò dúró lára ẹnìkankan."

"Ẹ ní sùúrù."

Oṣù kẹrin, kò rẹ́rìn-ín mọ́ rárá. "Jọ̀wọ́, wá wò wọ́n fún mi. Bóyá oúnjẹ tí mò ń fún wọn ni. Bóyá mo ṣe nǹkan tí kò dáa."

Mo lọ. Lójú ọ̀nà ni mo pinnu pé màá sọ òótọ́ fún un. Mo tiẹ̀ ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ọkọ̀: "Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí, akọ yẹn ni." Ó tán. Gbólóhùn kan péré.

Nígbà tí mo dé, ó ti gbóúnjẹ kalẹ̀ dè mí. Ó ti to bẹ́ńṣì sábẹ́ igi, ó sì ti ní kí aládùúgbò rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tóun náà ń sin màlúù díẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, wá kí mi. "Tíṣà, àbúrò mi tí mo máa ń sọ rèé. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa màlúù."

Mo gbé gbólóhùn kan péré yẹn mì pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀.

Mo wọ àárín àwọn màlúù náà. Ara wọn dá ṣáṣá. Mo ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n níkùn bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo mú mẹ́rin tó dàgbà jù níbẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ló ń fa gbogbo rẹ̀," mo ní. "Ẹ tà wọ́n. Ẹ fi ra ọ̀dọ́."

"Wọ́n ti bí fún mi rí, Kékeré. Ìyá Àgbà yìí ti bí mẹ́fà."

"Wọ́n ti bí tiwọn tán. Wọ́n ti di àgàn."

Ó wò mí bí ẹni tí oyin ta. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì bo etí màlúù tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà.

"Má pè wọ́n bẹ́ẹ̀ létí ara wọn," ó wí.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Èmi fúnra mi ni mo pe alápatà. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn sọ́kọ̀, Tíṣà bẹ́ sójú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n dá Ìyá Àgbà padà, òun máa rà á. "Àràárọ̀ ló ń wá fi orí gbá mi ní fẹ́ǹsì," ó wí. "Mi ò lè rí i nínú àwo kí n jẹ ẹ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta yòókù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà, ló bá mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tí wọ́n ti máa ń dúró.

Oṣù márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ kan ó pè mí: "Tíṣà ní dókítà ẹran ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun lọ́la. Mo ní kó yà bá mi wo àwọn tèmi. Wá bá mi dúró, mi ò gbọ́ èdè àwọn dókítà."

Dókítà pọ̀ láyé, mo sọ fún ara mi. Àfìgbà tí mo ya kọ́nà ilé rẹ̀, tí mo rí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan. Páálí wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti rí mi. "Kékeré, yára! Wá di okùn mú!"

Ọgbà Tíṣà ni wọ́n wà. Dókítà kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé èjìká, ó ti ọwọ́ bọ Ìyá Àgbà. Ló bá rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ kú oríire. Oyún oṣù mẹ́rin."

"Oyún kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "Nínú èyí? Wọ́n ní àgàn ni!"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń kúrò. Títí dòní, tí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí i.

"Akọ Tíṣà ló gùn ún?" ó béèrè.

"Akọ tèmi ni," Tíṣà wí. "Èyí tó rí gàgàrà yẹn."

A kọjá sí ọgbà ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà yẹ méje tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfìfo ni gbogbo wọn.

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n, Màmá. Ilé ọmọ wọn mọ́ tónítóní. Akọ wo ló wà láàárín wọn?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí abẹ́ igi. Alága dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó tún ti sanra sí i.

Dókítà wò ó. Ó wò mí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tètè bọ́.

"Dókítà, ẹ mọ ẹran yìí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Màmá, ẹ bi àbúrò yín."

Mo lanu. "Mo rò pé... Mo rò pé á fọn tó bá dé ibí. Dókítà ò kúkú sọ pé kò dáa rárá..."

"Ìyá," Dókítà wí, kò gbóhùn sókè, "mo ní kí ẹ má tà á. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí n fi í sílẹ̀."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà níwájú wa. Ó ní nínú àtọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yè. Ó ní ká ní wọ́n ti jẹ́ kó fọn látìbẹ̀rẹ̀ ni, bóyá kò ní sí ìyọnu.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ń retí ìgbájú. Ká ní ó gbá mi ni, ì bá dáa.

"O mọ̀," ó wí.

"Àǹtí mi, ẹ ṣàánú mi."

"O mọ̀ nígbà tó o fọwọ́ tẹ̀ wọ́n níkùn. O mọ̀ nígbà tí alápatà dé."

Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi pè mí lórúkọ yẹn. Ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíì, òun náà ò bí. Ó fẹ́ ìkẹta, kò bí. Ìgbà yẹn ni ẹnu wọn tó wọlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí. Ta ló máa ń jókòó tì mí sórí bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń sunkún, tó máa ń sọ pé ká ní wọ́n ti yẹ ọkùnrin yẹn wò? Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Máa lọ sílé. Mo fẹ́ fún àwọn ẹran lómi."

Mo kó Alága padà. Mo dá gbogbo ohun tó san padà fún un, mo sì fi akọ kan ránṣẹ́ sí i tí Dókítà ti yẹ̀ wò. Ó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀, kò bi í pé báwo ni mo ṣe wà. Tíṣà dá Ìyá Àgbà padà fún un. Àwọn mẹ́ta yòókù, ta ló fẹ́ bá mi dá wọn padà?

Alága náà fọn nígbà tó yá. Koríko nìkan, ìrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lóṣù kẹta, Dókítà ní ara rẹ̀ ti pé. Abo méjì ti lóyún fún un níbòmíràn báyìí. Ẹran náà kò ní ẹ̀bi kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníbàárà mi dínkù. Àwọn tó kù, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ tẹ ẹran fúnra wọn, kí wọ́n sì mú dókítà tiwọn wá. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń kà á, ọjà yòówù kí ẹ máa tà, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Oṣù tó kọjá, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Tíṣà pè mí. Ìyá Àgbà ń rọbí látàná, ọmọ ò jáde, Dókítà sì ti rìnrìn àjò. Mo sáré lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí eékún nínú koríko. Ó wò mí, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Ẹsẹ̀ méjì ló ti yọ, ṣùgbọ́n orí ọmọ náà yí sẹ́yìn. Mo fi ọṣẹ kun ọwọ́, mo ti ọwọ́ bọ inú, mo wá imú rẹ̀ títí mo fi rí i, mo yí i bọ̀ sójú ọ̀nà. "Fà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Dúró. Ó yá, fà á." Ọmọ náà jáde, abo ni, ó sín, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀, aṣọ wa kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé ó máa fọwọ́ kàn mí.

Ó dìde, ó lọ bu omi wá, ó mú ọṣẹ wá. Ó di aṣọ ìnuwọ́ mú dè mí títí mo fi fọwọ́ tán.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti géètì tí ẹ bá ń jáde."

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé Tíṣà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Tíṣà ti padà sílé rẹ̀ tipẹ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní "ẹ."